Ohun Tó Há Sínú Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Màámi,

Ẹ má tíì ki wáyà ẹ̀rọ ìfọṣọ bọ iná. Ìdí rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, omi sì wà nílẹ̀ balùwẹ̀, ẹ rọra tẹ ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n òní ni mò ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ní ṣọ́ọ̀bù Abu Rakan nínú ìlú Irbid, mi ò sì lè lọ láìmọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ ilé wa. Mo gbé etí lé e: ó ń kùn, àmọ́ omi ò jáde. Kí ló dí i lọ́nà?

Ibi tí mo ti ń tú u ni Umm Sakhr ti yọjú láti ilé kejì.

“Rudayna, kí lò ń wá nísàlẹ̀ yẹn?”

“Èmi náà ò tíì mọ̀, ẹ̀yin ìyá.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ólífì sí mi láti ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Láti ìgbà ìgbéyàwó Lubna ẹ̀gbọ́n mi ni kò ti wọlé wa mọ́, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀.

Inú pọ́ǹpù tó ń tú omi dànù ni mo ti bá a: yẹtí wúrà yín, èyí tí ẹ ní ọmọ Umm Sakhr jí lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà. Mo ti fọ̀ ọ́, ó wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ólífì.

Mi ò sọ fún un. Ẹnu yín ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Mo ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní jáde lónìí.

Rudayna