Tuntun Kò Sùn

                                        Yàrá òkè,
                                        Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá.

Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwọn ọmọ iléèwé tuntun tí wọ́n gbé ọ lọ bá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o mí? Ẹ̀gbọ́n rẹ tí eékún ń dùn ńkọ́, ṣé ó ti ń fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀? Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀ nítorí ìjókòó ìdí máṣìn, àmọ́ ẹ̀yìn aránṣọ wo ni kì í dùn ún? Ìyá mi ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n bi ọ́ bóyá o ti rí ẹni tó ń bá ọ jẹun níbẹ̀ yẹn. Èmi kọ́ ni mo béèrè o, òun ni.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Orí àga tí o máa ń jókòó sí lójú fèrèsé ni mo ti kà á, òjò wínníwínní ń rọ̀ níta, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé ìwọ gan-an lò ń kà á sí mi létí. O ní oorun ti di ọ̀wọ́n lójú rẹ láti ìgbà tí o ti dé yàrá yẹn, pé o kàn máa ń dùbúlẹ̀ tí wàá máa wo àjà. O tún ní yòyò olóṣùpá tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ kò dára, pé bí o bá ti jù ú, ńṣe ló ń rọra lọ sílẹ̀ bí arúgbó tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò sì sùn rárá. O ti fi bébà dì í, o fẹ́ dá a padà. O wá bi mí bóyá òótọ́ ni pé ọwọ́ Káfíńtà ti bàjẹ́. Tíṣà, jọ̀ọ́, má tíì lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ fún ọ.

O ṣáà mọ̀ wá, àwọn àgbàlagbà tó ń fi igi róbótó méjì àti okùn ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Àwọn oníbàárà tó wá gẹrun kò tíì yé wò wá bí ẹni tó ń wo wèrè tó wọṣọ tó mọ́. Wọ́n á ní kí ni yòyò ń wá lọ́wọ́ ẹni tó ti tó ọmọ bí. Onígbàjámọ̀ á dá wọn lóhùn pé òun ló ń jẹ́ kí ojú òun máa dán yòyò. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà nígbà tí o wà níbí, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà.

Ohun tó yí padà ni pé Káfíńtà, ẹni tó ń bá wa ṣe yòyò, bẹ̀rẹ̀ sí í dá àrà. Ó ṣe èyí tó dà bí ẹyin. Ó ṣe èyí tó dà bí ahun. Ó ṣe èyí tó dà bí ọsàn, tó sì ń ta sánsán bí ọsàn, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ mi kò yé rùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Onígbàjámọ̀ kò lè pa ayọ̀ rẹ̀ mọ́ra. Àmọ́ Oníaago, bàbá tó ń tún aago ṣe ní òdìkejì títì, kò fẹ́ rí wọn sójú. Ó ní ohun tí a bá ṣe kó máa yí, kó yí. Èyí tó bá fẹ́ jẹ́ ẹyin, kó lọ sábẹ́ adìẹ. Onígbàjámọ̀ ní bó bá jẹ́ pé ìwúlò nìkan là ń wò, orí gbogbo oníbàárà òun ì bá máa pá ni, kí wọ́n lè tètè lọ. Àríyànjiyàn náà dùn. Èmi kì í dá sí i, torí èmi ni mo ń lọ́ okùn gbogbo wọn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ pé okùn ló fà á.

Lẹ́yìn náà ni òṣùpá dé. Onígbàjámọ̀ ló rí i lórí tábìlì Káfíńtà, tó bẹ̀ ẹ́ títí tó fi bá a ṣe mélòó kan. Ọ̀kan nínú wọn ni tìrẹ. Ó funfun, ó fúyẹ́, inú rẹ̀ ṣófo, nǹkan kan sì wà níbẹ̀ tó ń dún ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ lókèèrè. Tuntun ni a ń pè é láàárín ara wa nígbà tí Káfíńtà kò sí níbẹ̀. Oníaago jù ú, kò sùn. Ìwọ náà mọ̀ pé yòyò gidi, bó bá dé ìdí okùn, kì í tètè padà. Á dúró síbẹ̀, á máa yí lójú kan rọ́rọ́, títí o ó fi fa okùn kó tó jí. Oorun yẹn ni Oníaago fi ń dá yòyò mọ̀. Ó gbé òṣùpá sétí bó ti máa ń gbé aago sétí, ó sì mi orí. Ó wá kó àwọn yòyò lásán tí Káfíńtà ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí jọ, ó fi hàn wá pé apá kan wúwo ju ìkejì lọ, pé wọ́n ń gbọ̀n lórí okùn. Ìyẹn kò sẹ́ni tó lè jiyàn, torí òótọ́ ni. Ó ní Káfíńtà ti fi àrà rọ́pò iṣẹ́.

Ìyá tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé nítòsí ibùdókọ̀ kì í gba yòyò tí ẹgbẹ́ wa kò bá fọwọ́ sí. Oníaago ní kí a lọ sọ fún un kó kó ti Káfíńtà kúrò lórí pẹpẹ. Pósí ni Káfíńtà ń kàn kó tó máa ṣe yòyò, ọjọ́ tó gbọ́ pé ìyàwó òun lóyún ló sì fi ibẹ̀ sílẹ̀, tó ní ọwọ́ tí òun máa fi gbé ọmọ kò gbọdọ̀ kan pósí mọ́. Bí yòyò rẹ̀ bá kúrò lórí pẹpẹ yẹn, ìdí pósí ló ń padà sí.

A ní kí Oníaago kọ́kọ́ lọ bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Kò bá a nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló bá, ó ń sá aṣọ ọmọ. Oníaago kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní kó bá òun sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹgbẹ́ ní Tuntun kò sùn dáadáa, kí ó tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ìyàwó Káfíńtà wolẹ̀. Ó ní àwọn mọ̀, pé kò sùn láti ọjọ́ tó ti dé, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú. Oníaago padà wá bá wa, ó ní ẹjọ́ ti parí, ìyàwó rẹ̀ gan-an ti jẹ́wọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Káfíńtà kò yọjú. A ní ìgbéraga ni. Tíṣà, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni, gbogbo wa la sì jẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà.

Èmi ni wọ́n wá rán pé kí n lọ sọ fún Káfíńtà pé a ó kó yòyò rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ, torí èmi ni mo máa ń gbé okùn lọ fún un. Ọ̀sán ni mo dé ibẹ̀. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ìyẹ̀fun igi ń fò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń tòògbé. Káfíńtà jókòó ti ibùsùn ọmọ. Ó gbé ìka sétè kí n má sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ kejì sókè ibùsùn náà, òṣùpá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dún ṣẹ̀ẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó tún ń sọ̀. Ojú ọmọ ń bá a lọ, ojú ọmọ ń bá a bọ̀. Mo jókòó sórí pákó kan. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Mo ronú nípa odò tí a máa ń lọ wò nígbà tí a wà ní kékeré, mo ronú nípa rẹ, mo sì gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi pátápátá.

Nígbà tí ọmọ sùn, Káfíńtà bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá torí ẹkún rẹ̀ ni wọ́n fi rán mi. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹkún náà ń dé ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀, pé ojú ló ń ti òun tí òun kò fi wá. Ó ní ṣùgbọ́n ibo ni ẹgbẹ́ fẹ́ kí àwọn gbé Tuntun lọ?

Tuntun ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé.

Mo fi ìborùn bo ẹnu. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń pa mí, kí omi tó dé ojú mi. Mo ṣàlàyé fún un, òun náà sì di ikùn mú kí ẹ̀rín má baà jí ọmọ. Ó ní òun kò ṣe òṣùpá yẹn kó lè sùn. Torí ọmọ lòun ṣe gbẹ́ inú rẹ̀, tí òun fi kóró ọsàn gbígbẹ sí i, kó lè máa lọ jẹ́jẹ́, kó máa dún jẹ́jẹ́. Ní ti àwọn yòyò tó ń gbọ̀n, kò bá mi jiyàn. Ó ní ọwọ́ tí kò rí oorun sùn ló gbẹ́ wọn, òun yóò kó gbogbo wọn padà láti ṣọ́ọ̀bù, òun yóò sì tún wọn ṣe.

Mo lọ pe Oníaago. Ó ń kùn bọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ó ní òun ò rí ibi tí ọmọ ọwọ́ ti ń ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí a dé, ọmọ ti jí, ó ti ń ké. Káfíńtà mú òṣùpá, ó bẹ̀rẹ̀. Oníaago jókòó sórí pákó tí mo jókòó sí, ó ká apá, ó ń wò ó bí adájọ́. Tíṣà, ọmọ náà kò tíì pa ojú dé tí Oníaago fi sùn. Ó gbé orí ti ògiri, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń hanrun. Ìgbà tó jí, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó mì í jìgìjìgì, ó rò pé aago ló ti kú.

Kò bẹ̀bẹ̀, ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n. Ó kàn dìde lọ bá ìyá oníṣọ́ọ̀bù, ó ní kó gbé Tuntun kúrò láàárín àwọn yòyò, kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun ọmọ ọwọ́, torí kì í ṣe yòyò. Ó ṣì ń tẹnu mọ́ ọn di òní. Onígbàjámọ̀ ń sọ káàkiri pé òun ló jàre, Oníaago náà ń sọ pé òun ló jàre. Káfíńtà ti padà sáàárín wa. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún Oníaago sùn títí tí tíì tí a ń mu fi tutù lọ́wọ́ wa.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ dáadáa. Onígbàjámọ̀ kí ọ, ó ní irun rẹ yóò ti dàrú níbẹ̀ yẹn. Ìyàwó Káfíńtà náà kí ọ. Àárò rẹ ń sọ mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Àmọ́ tú bébà yẹn, ọ̀rẹ́ mi. Má jù ú bí a ṣe ń ju yòyò. Jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ, jẹ́ kó máa lọ, kó máa bọ̀. Òótọ́ lo sọ, kò lè sùn. Òun ló ń ṣọ́nà kí ẹlòmíràn lè sùn. Okùn tó wà ní ìka rẹ, èmi ni mo fi ọwọ́ mi lọ́ ọ.

                                        Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ lọ́jọ́ gbogbo,
                                        Abẹ́rẹ́.