Alàájà Mùjíbátù Àpèkẹ́ Làmídì (1951–2024), Ìyá Tó Ya Ìsun Aláró Sínú Ìwé

Abúlé Fárìndé, lẹ́yìn Akanran, ni wọ́n ti bí màmá wa lọ́dún 1951. Bàbá wọn ni Fárìndé, tí oko kòkó rẹ̀ ṣú débi pé oòrùn ní láti bẹ̀bẹ̀ kó tó kanlẹ̀ níbẹ̀. Ìyá wọn ni Àyàndùnní, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé oko ṣáájú oúnjẹ tó bá gbé lọ. Kí màmá tó mọ ABD ni wọ́n ti ń fi èédú ya kòkòrò sára ògiri, tí àwọn adìẹ á sì máa sáré wá ṣá a jẹ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ní Akanran lọ́dún 1958. Lọ́dún 1974, wọ́n fẹ́ Alàájì Làmídì, wọ́n gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, wọ́n sì ń jẹ́ Mùjíbátù. Wọ́n di olùkọ́, jọ́gíráfì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Nínú ẹgbẹ́ Àsàláátù, àwọn ló máa ń mọ ibi tí òjò ti ń bọ̀ kí ìkùukùu tó mọ̀.

Ọdún 1993 ni ìwé àwòrán wọn àkọ́kọ́ fún ọmọdé jáde. Ọmọ tó bá ka èyí tí wọ́n ya òkè sí, orúnkún á máa ro ó títí di ọjọ́ kejì. Èyí tí wọ́n ya eṣinṣin sí, àwọn ọmọ ti fi sálúbàtà lù ú ya. Màmá kì í sì í ya ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò bá tẹ̀.

Ní abúlé wa, a kì í na ìka sí ìsun omi. Ìkúùkù la fi ń júwe rẹ̀, torí omi tí wọ́n bá na ìka sí á rò pé wọ́n ń lé òun ni. Lọ́dún 2009, màmá ṣe ìwé lórí ìsun omi, wọ́n sì ya Aláró, ìsun tí gbogbo abúlé ń mu, sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Wọ́n ya ọmọbìnrin kan tó ń fi ìkúùkù júwe rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwé jáde ni Dàpọ̀, tó ń fi kọ̀ǹpútà tún àwòrán ṣe níbi ìtẹ̀wé, sọ fún wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín:

“Màmá, ìkúùkù yẹn dà bíi ti ẹni tó fẹ́ luni. Mo ti bá yín sọ ọ́ di ìka.”

Màmá kàn béèrè bóyá ìwé ti kúrò níbi ìtẹ̀wé. Ó ti kúrò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Aláró ti gbẹ. Iyanrìn rẹ̀ gbẹ bíi gààrí. Ọ̀pọ̀lọ́ jókòó yí kòtò náà ká, kò sí ọ̀kan tó ké. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fi etí lélẹ̀ á gbọ́ omi nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń rìn lọ tí kò wẹ̀yìn.

Ṣàngóyẹmí, àbúrò bàbá wọn tó jẹ́ olórí agbolé, sọ ọ́ lójú gbogbo wa: “Àpèkẹ́, ìwọ lo lé e. Tí ò bá padà, má retí ilẹ̀ tí wọ́n á sin ẹ́ sí nílé yìí.”

Bí màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé náà kiri nìyẹn, tàwọn ti ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn sọ ìka padà di ìkúùkù. Wọ́n dé Lagelu, wọ́n dé Ọlọ́runṣògo. Kò sí ọlọ́kadà tí kò gbé wọn rí; àwọn méjì tiẹ̀ ń jiyàn pé àwọn gbé wọn ní ìṣẹ́jú kan náà, lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Ajibode, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Muhsinah gbé tirẹ̀ jáde láti inú àpótí. Gbogbo ìwé náà gbẹ, àfi ojú ewé Aláró tó ń kán tótó.

“Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ máa mú un lọ,” ni Muhsinah wí. “Gbogbo aṣọ mi ló ti ń rùn bí ẹrẹ̀.”

Síbẹ̀, omi ò padà. Àwọn obìnrin tó ń rìn lọ pọnmi ní Akanran á dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n á ní, “Ìyá Ayàwòrán, ẹ kú òùngbẹ o.” Nígbà tí Alàájì kú lọ́dún 2016, màmá padà sílé bàbá wọn, àmọ́ wọn ò jẹ́ bu omi mu lójú ẹnikẹ́ni.

Lóṣù kejì ọdún 2024, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí òjìji gan-an ń wá ibòji, màmá kírun àsùbáà, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọn ò dìde mọ́. Gbọ́njúbọ́lá, àkọ́bí wọn, kúnlẹ̀ fún Bàbá Ṣàngóyẹmí nítorí ilẹ̀ sàréè. Bàbá kọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tó yá, ó júwe ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí koríko gan-an kọ̀ láti hù.

Akíntáyọ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú agbolé, ló gbẹ́ ilẹ̀. Kòtò ò tíì mù ún dé orúnkún tí ilẹ̀ fi mí kanlẹ̀. Omi rú jáde, ó tutù, ó mọ́ gaara, ó sì ń ta sánsán bíi Aláró. Bàbá Ṣàngóyẹmí bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bù ú mu.

“Ẹ wá ibòmíràn fún ọmọ mi,” ó wí. “Ibi tó bá wù ú.”

Ẹnu ọ̀nà yàrá Bàbá gan-an la sin màmá sí.

Wọ́n fi ọmọ sáyé lọ, Gbọ́njúbọ́lá àti Mùtíù. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Mahfuz àti Humairah. Àyànbùnmi, àbúrò màmá. Àti àwọn ọmọ tó mọ òkè àti odò nínú ìwé wọn, tí wọ́n pọ̀ ju ewé kòkó Fárìndé lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa pé síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ yìí, ẹ ṣeun. Omi tí wọ́n bù fún yín nígbà tí ẹ wọlé, òun náà ni.

Màmá Àpèkẹ́, ẹ sinmi níbi tó tutù. Ọlọ́hun á fi Àlùjánnà kẹ́ yín.