Ìyá Méjì Sá fún Ìkókó Kan

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹwàá

Ó yá, jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó pa mí: mi ò fẹ́ lọ tọ́jú ọmọ ọmọ mi.

Mo ti kọ ọ́. Òrùlé kò wó.

Láti ìgbà tí oyún Sae-rom ìyàwó rẹ̀ ti hàn ni Gi-beom ọmọ mi ti ń bẹ̀ mí. "Mọ́mì, ẹ kúkú wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Seoul. Sae-rom gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́." Ìyá Sae-rom ni ì bá lọ, òun ló sún mọ́ wọn jù, ṣùgbọ́n wọ́n ní orúnkún ò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Olórúnkún — nínú ìwé yìí nìkan o. Èmi náà sá sábẹ́ àìsàn: mo ní ẹ̀yìn ń ro mí. Irọ́. Ẹ̀yìn tó ń bẹ̀rẹ̀ la ìkarahun òkun yọ ẹran inú rẹ̀ ní abà etíkun látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó tún ń bá àwọn obìnrin abà jó lẹ́yìn iṣẹ́!

Mo tọ́ ọmọ mẹ́ta. Mo tọ́jú ìyá ọkọ lórí ibùsùn títí ó fi kú. Ní báyìí tí ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ di tèmi… Ṣé ìyá burúkú ni mí? Ó ṣeé ṣe. Mi ò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Adákẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì Seoul fún òpin ọ̀sẹ̀. Ọkọ mi ni Adákẹ́ — ọ̀rọ̀ mẹ́ta lóòjọ́, oúnjẹ ni ó sì fi méjì bèèrè. Fàájì la ń lọ ṣe! Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, a ò rin irú rẹ̀ rí.

Mo ní ká má sọ fún Gi-beom. Bó bá gbọ́, ilé rẹ̀ la ó sùn. N ó ru kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan alátá wa, láti Tongyeong níbí dé ibẹ̀, Sae-rom á fi oyún gbọ̀ngbọ̀n máa fọ ilé torí ìyá ọkọ ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ìkókó á tún délẹ̀. Adákẹ́ wò mí. "Bí olè?" Mo ní, "Bí àlè." Etí rẹ̀ pọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kẹwàá

Mo di ẹrù, mo tú u, mo tún un dì. Àwọn obìnrin abà ní kí n má ra nǹkan kan bọ̀, kí n ṣáà kó ìròyìn wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹwàá

Yàrá ilé ìtura. Ẹ̀rín ṣì ń pa mí.

Ẹni tó bá wọ aṣọ ayé àtijọ́ kì í sanwó wọ ààfin ọba ní Seoul, a sì lọ háyà tiwa. Ọmọbìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé yẹ̀rì ayaba fún mi. Kò pa dé níbàdí. Mo ní kó gbé ti ọba wá. Aṣọ pupa, dírágónì wúrà láyà! Ti ìwẹ̀fà ló kù nílẹ̀. Adákẹ́ wọ̀ ọ́, ó gbé báàgì mi, ó ń tẹ̀lé mi.

Fóònù dún. Gi-beom. Ó fẹ́ rí ojú mi. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, ohùn nìkan. Àfi bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin ṣe fọn fèrè. "Mọ́mì, kí ló ń ké bíi màlúù yẹn?" "Ọkọ̀ ojú omi ni. Ó ń gúnlẹ̀." "Ẹ̀yìn yín ńkọ́?" "Ó wà níbẹ̀." Ìwẹ̀fà mi fi báàgì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Mo yíjú báyìí. Obìnrin kan wà lórí àtẹ̀gùn òkúta, ó ń fò sókè kí ọkọ rẹ̀ lè yà á ní fọ́tò nínú afẹ́fẹ́. "Ẹ tún ti pẹ́ jù, Bàbá Sae-rom! Ẹ jẹ́ n tún un fò!" Ó tún un fò. Orúnkún méjèèjì — bíi ti ewúrẹ́.

Olórúnkún!

Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ara ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún àna kí orí tó gbọ́: ó tẹ̀ba, èmi náà tẹ̀ba, fìlà ọba bọ́ lórí mi, ó ń yí gbirigbiri lọ. Àwọn aráàlú òkèèrè ń yà wá ní fọ́tò.

Mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, àna mi. Orúnkún ńkọ́ o?"

"Ó… ó fúyẹ́ díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yìn tiyín ńkọ́, Kábíyèsí?"

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà wa ní ilé àna àti ilé ìgbẹ́, bí wọ́n bá ṣe jìnnà tó ni wọ́n ṣe dára tó. Àwa méjì jókòó ti ọtí ìrẹsì títí ojú fi ń pọ́n. Mo ní ṣebí ọmọ rẹ̀ rò pé ibi ìtọ́jú orúnkún ló wà. Ó gbé abọ́ ọtí sókè: "Ibi ìtọ́jú kẹ̀ nìyí!" Ó ní bí òun bá gba ìkókó yẹn lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi gbéyàwó ni. Àwọn ọkọ wa ń jẹun, wọn ò wo ara wọn.

A ṣàdéhùn. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, kálukú yóò sọ òótọ́ fún ọmọ tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìkókó má baà já lé ẹnì kan lórí.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá

Orí fífọ́. Nínú bọ́ọ̀sì, Adákẹ́ ń yọ ahọ́n sí ọmọ ọwọ́ kan tó wà níwájú wa, ọmọ ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Mo díbọ́n pé mo sùn.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Kẹwàá

Bí Olórúnkún bá kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá kẹ́yìn ló ru ẹrù. Mo gbé fóònù, mo gbé e kalẹ̀. Ọ̀bẹ ìkarahun gé mi níka. Àwọn obìnrin abà ní mo dà bí ológbò tó jí ẹja tó wá ń dárò ẹja.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹwàá

Olórúnkún dalẹ̀!

A ń jẹun alẹ́ nígbà tí Gi-beom pè, ohùn rẹ̀ ń wárìrì fún ayọ̀. Ìyá Sae-rom ti tẹ ọmọ rẹ̀ láago: orúnkún ti burú sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun ti bá ìyá Gi-beom sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti san, ara rẹ̀ ti wà lọ́nà. Inú bí mi. Mo sì kan sáárá sí i. Èmi náà ti pinnu láti ṣe irú rẹ̀ fún un láàárọ̀ ọ̀la.

"Mọ́mì, ẹ ṣé. A ti ń tún yàrá yín ṣe."

"Kò tọ́pẹ́" ti dé orí ahọ́n mi. Ohun mìíràn ló jáde. "Gi-beom, ẹ̀yìn ò ro mí rí. Mi ò fẹ́ wá ni. Mo fẹ́ràn rẹ, mo fẹ́ràn ọmọ tó ń bọ̀. Mi ò fẹ́ wá."

Mo rò pé ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Adákẹ́ gbé ṣíbí kalẹ̀, ó gba fóònù. "Èmi ni mò ń bọ̀. Ìyá rẹ ti pọn tirẹ̀. Ó kàn mí."

"Dádì? Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ mọ ọmọ ọ́ pọ̀n?"

"N ó kọ́ ọ." Ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ló ná tán lẹ́ẹ̀kan yẹn. Kò pẹ́ sí i ni Sae-rom fúnra rẹ̀ pè. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fa imú bí ẹni tó ti sunkún: kí Dádì má gbàgbé bàtà inú ilé wọn, ilẹ̀ àwọn tutù.

Bí ìkókó bá dé, Ọjọ́ Ajé dé Ẹtì ni Adákẹ́ yóò máa lò lọ́hùn-ún. Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà, ó sì ń ta mí lẹ́nu. Ta ni yóò wá máa dákẹ́ fún mi?

Lọ́la, n ó yọ ọ̀já tí mo fi pọn Gi-beom jáde nínú àpótí. N ó di àpò ìrẹsì kan mọ́ Adákẹ́ lẹ́yìn, n ó ní kó rìn dé abà kó sì padà, lójú gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀.