Ẹni Tó Gba Jákẹ́ẹ̀tì Ló Gba Àpò

Ha Rantoetse, lẹ́yìn òkè

Khahliso ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Maseru? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun gidi, àbí tíì àti búrẹ́dì lẹ fi ń tàn wọ́n jẹ? Kí Ọlọ́run tó gbé àwọn òkè wa ró má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ o. Ní tiwa, a wà, àwa àti òtútù nìkan la jọ ń fà á. Yìnyín bo òrùlé títí dé ọ̀nà odò. Àgùntàn bàbá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan ò fẹ́ mu ọmú ìyá rẹ̀, inú ilé ló ń sùn bí ẹni tó ń san owó ilé.

Tíṣà ní o ránṣẹ́ pé mo gé fóònù mọ́ ọ létí nígbà tí o ń bèèrè ọ̀rọ̀ owó bàbá rẹ. N kò gé nǹkan kan o! Ohùn rẹ ló ń gbọ̀n, mo rò pé òtútù mú fóònù ni, mo fi kúbùsù wé e, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, láti ìgbà náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Lọ́jọ́ tí a bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, tí a pín aṣọ bàbá rẹ, oyún ò jẹ́ kí o wá. Malome Khoabane, àbúrò ìyá bàbá rẹ, ló kọ́kọ́ mú, torí àbúrò ìyá olóògbé, malome, ló yẹ kó kọ́kọ́ mú. Jákẹ́ẹ̀tì dúdú ló mú, èyí tí bàbá rẹ rà lọ́dún tó lò kẹ́yìn níbi ìwakùsà góòlù. Bó ṣe wọ̀ ọ́ tán, ó ki ọwọ́ bọ àpò, káàdì ilé-owó àwọn awakùsà ló fà yọ. Yéè! Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, pé owó tí wọ́n fẹ́ san nítorí ikú ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, òun ló ni ín, torí ẹni tí a fún ní jákẹ́ẹ̀tì la fún ní àpò, ẹni tí a sì fún ní àpò la fún ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Khahliso, mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá, mo rò ó sẹ́yìn, n kò rí ibi tó ti yẹ̀. Baálẹ̀ pàápàá ní kò sí òfin tó ní ká gbọn àpò wò ká tó pín aṣọ.

Moliehi àbúrò rẹ ló ń dùn mí. Ọdún kan péré ló kù kó jáde ìwé, wọ́n sì ti lé e wálé, wọ́n ní kó má padà láìsan owó. Mo bẹ Malome pé kó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú àpò náà. Ó ní ọmọbìnrin kì í jogún jákẹ́ẹ̀tì ọkùnrin. Làwọn ará ilé bá pín sí méjì. Rakhali, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, kò kí mi lódò mọ́. Wọ́n ní bí a bá ń jà, bí ká kú kọ́, ṣùgbọ́n bí obìnrin yẹn ṣe ń wò mí, n kò mọ̀ bóyá ó ti gbọ́ òwe náà rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé-owó rán ọmọbìnrin kan wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tó nípọn bíi Bíbélì. Ó bèèrè ọjọ́ ìbí mi, mo ní ọdún tí yìnyín pa ẹṣin baálẹ̀ ni. Ó ní kí n mú nọ́ńbà báńkì wá. Mo ní n ò ní, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá máa tọ́jú owó náà síbẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi gèlè mi pupa wé e, kó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ó gba gèlè náà, ó rọra ká a, ó dá a padà, ó ní owó náà á dá mi mọ̀. Wọ́n kọ́ ọmọ náà nílé.

Ló bá pe gbogbo wa jọ síta. Ó ní ilé-owó ò bá jákẹ́ẹ̀tì ṣe, àti pé àwọn ò tilẹ̀ bèèrè ẹni tó jogún. Ohun tí àwọn fẹ́ mọ̀ ni àwọn tí olóògbé ń bọ́ nígbà tó wà láyé. Ó ní bí ẹnu wa ò bá kò lọ́jọ́ náà, fọ́ọ̀mù á padà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo dárúkọ Moliehi, mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ Lefifi ẹṣin wa àti ajá, nítorí gbogbo wa la jọ ń jẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹṣin á ní láti fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀. Rakhali sáré wọlé, ó jáde pẹ̀lú kúbùsù tó ya débi pé ewúrẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá, ó ní ebi ti ń pa òun láti ọjọ́ ìsìnkú. Ọ̀rá adìẹ ṣì ń dán létè rẹ̀.

Ó wá kan Malome. O ṣáà mọ̀ pé ọdọọdún ló ń fọ́nnu pé òun ò jẹ hóró àgbàdo kan lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun rí, pé oko òun ń bọ́ òun. Ẹnu dùn ún rò'fọ́! Oṣooṣù, fún ọdún mọ́kànlá, ni bàbá rẹ ń fi àpò ìyẹ̀fun kan àti tábà ránṣẹ́ sí mi, tí mò ń gbé e sẹ́yìn ilé Malome, tí mo sì ń pariwo pé ó jọ pé ẹnìkan gbàgbé ẹrù síbí o. Bàbá rẹ ní ọjọ́ tí mo bá sọ ọ́ fẹ́nì kan, òun á kọ̀ mí sílẹ̀. Ó ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó kọ̀ mí níbi tó wà. Mo panu mọ́. Bí Malome bá ní wọ́n bọ́ òun, ojú á tì í lójú gbogbo abúlé. Bó bá sì ní wọn ò bọ́ òun, tó tún di jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ẹnu wa ò ní kò, Moliehi ò sì ní padà síwèé.

Pápa àgbàdo tí mo gbé kaná ti jóná kí Malome tó dìde. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, ó ká a, ó gbé e lé Moliehi nítan. Ó ní kí ọmọbìnrin ilé-owó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun, Khoabane, jẹ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun fún ọdún mọ́kànlá, ìyẹ̀fun àti tábà, àti pé òun mọ ẹni tó ń gbé e wá, torí ìyàwó yẹn kò mọ̀ ọ́n rìn jẹ́jẹ́. Ó ní òun ò gba owó kankan o, kó ṣáà kọ ọ́, nítorí òun ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun rí tó fi kú. Mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Rakhali náà fi kúbùsù nu ojú, ó tún ya sí i. Gbogbo wa tẹ̀ka. Owó ò tíì dé, Moliehi ti ń di ẹrù ilé-ìwé rẹ̀.

Wọ́n ní owó náà á dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nítorí náà fi owó maloti díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo fìtílà àti oògùn orúnkún mi. Kí o sì ra jákẹ́ẹ̀tì kan, kó nípọn dáadáa. Malome ń gbọ̀n kiri abúlé, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òtútù kì í mú òun. Má kọ orúkọ rẹ sí i o. Màá gbé e sẹ́yìn ilé rẹ̀, màá pariwo pé ẹnìkan gbàgbé ẹrù síbí.

Kí ọwọ́ tí o fi ń bọ́ni má gbẹ láé. Kí àwọn ọmọ rẹ bọ́ ìwọ náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Khahliso

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Fi tábà sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì náà kí o tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó gba jákẹ́ẹ̀tì ló gba àpò.