Ẹ̀yìn Pátákó Ṣọ́ọ̀bù Yín

Bàbá mi, ẹni tó ń fi òwú ṣọnà sọ́rùn agbádá,

Mo kí yín o. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà ni mo ti ń sọ pé màá kọ̀wé sí yín. Mo kàn jókòó sílé ni, síbẹ̀ mi ò ráyè. Ẹ mọ̀ wá, àwa tísà.

Ṣọ́ọ̀bù yín ní Nassarawa, ní Minna níbí, ṣì ń bẹ. Ràfátù, àbíkẹ́yìn yín, ló wà nídìí máṣíìnì yín, àmọ́ ó kù díẹ̀ kó tìlẹ̀kùn. Àwọn oníbàárà àtijọ́ ti darúgbó, àwọn mìíràn ti wá bá yín lọ́hùn-ún. Àwọn ọ̀dọ́ kì í bi ènìyàn lọ́nà mọ́, fóònù ni wọ́n ń bi. Ràfátù ní bí Iléyá bá fi kọjá láìsí oníbàárà tuntun, òun á palẹ̀ mọ́.

Ó wá ṣí ìkànnì sórí ayélujára fún ṣọ́ọ̀bù náà, ó ní kí èmi tísà bá òun kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bàbá, mo kọ ọ́! Gẹ̀ẹ́sì tó wọ kóòtù, tó de táì, tó tún mú ọ̀pá dání. Orúkọ tí mo fún iṣẹ́ wa gùn dé Chanchaga. Ràfátù kà á tán, ó bi mí pé ṣé oògùn ibà ni. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó rí wa.

Ẹ rántí mai shayi tó ń po tíì ní ìkóríta wa? Àlejò á sọ ohun tó ń wá fún un, mai shayi á sì nawọ́ sí ọ̀dọ̀ yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn wá nǹkan lórí fóònù: ọ̀rọ̀ tí àlejò bá tẹ̀ ló ń mú kiri, tí á fi rí ẹni tó ní irú rẹ̀ nílé. Kò sí àlejò kan tó tẹ Gẹ̀ẹ́sì mi.

Ni Ràfátù bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ohun táwọn ènìyàn ń pe nǹkan gan-an ló kọ: dinkin riga ní Minna fún Hausa tó fẹ́ rán agbádá, ọrùn agbádá ọkọ ìyàwó, hula fún ẹni tó ń wá fìlà tí a fọwọ́ ṣe. Ó kọ orúkọ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́, ṣọ́ọ̀bù yín ló ń kọ́kọ́ yọjú. Ọkọ ìyàwó kan wá láti Maikunkele, ó gbé fóònù dání bí ẹni mú ìwé àṣẹ bọ̀. Kai! Ọmọ tí mo ń bẹnu àtẹ́ lù pé kò ka ìwé tó.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó fà mí lọ sẹ́yìn máṣíìnì, ó fa pátákó ṣọ́ọ̀bù yọ. Èmi ni mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ fún yín nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tísà, tí mo ní ti yín kò gbayì. Ràfátù yí i padà. Ẹ ti fi ọ̀dà dúdú kọ tiyín sẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ: DINKIN RIGA. ỌRÙN AGBÁDÁ. HULA.

Ràfátù ní nígbà ayé yín, ẹ̀yìn yẹn ló ń wo títì jálẹ̀ ọdún. Bí ẹ bá gbọ́ pé mò ń bọ̀ fún ọlidé, Ràfátù á gun àpótí, á yí i padà, kí n lè bá Gẹ̀ẹ́sì mi níta.

Bàbá, ọlidé mélòó nìyẹn? Ṣé ẹ máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá dúró níwájú rẹ̀ tí mò ń kà á sókè?

A ti gbé e kọ́ padà. Ojú tiyín ló wà níta. Mo ti sọ fún Ràfátù pé kò gbọdọ̀ yí i nítorí mi mọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kò jẹ́ kí ojú tì.