Fóòmù Tuntun Inú Ọkọ̀ Òkun

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa, ohùn yín ò ní há. Alásè inú ọkọ̀ òkun ni mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọ̀gá ọkọ̀ kó fóòmù tuntun síbi tí à ń sùn, torí aláyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀. Ó dé, ó fọwọ́ tẹ fóòmù, ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí, ó lọ. Kíá, ọ̀gá ní ká kó wọn jáde.

Àfi bí aláyẹ̀wò ṣe yọ padà, ó gbàgbé fìlà! Mo ní ọwọ́ ti tẹ ọ̀gá lónìí.

Aláyẹ̀wò ní, "Ẹ rọra gbé e o, kó má dọ̀tí. Ọkọ̀ kejì tí mo fẹ́ lọ wò ń retí ẹ̀."

Háà! Nọ́ńbà ọkùnrin yìí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá wa, pé ká pè bí wọ́n bá rẹ́ wa jẹ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni kí n wá pè?