Ọwọ́ Mi Wà Nínú Aró

Ojúlé Kejìlá,
Igbein,
Abẹ́òkúta.
Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá.

Rodiat Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékúmù. Báwo ni ara rẹ? Ṣé Èkó ò le jù? Ṣé ò ń sùn dáadáa, ṣé o sì ń fi nǹkan sẹ́nu kí o tó jáde láàárọ̀? Bí o bá ń béèrè tèmi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àlàáfíà ni mo wà, àfi orúnkún òsì tó máa ń dà mí láàmú tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Mo mọ̀ pé o kò béèrè, àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà nílé ìwé nìyẹn, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Fóònù náà ló fà á. Gbogbo Sátidé lo máa ń pè mí, mi ò ní purọ́ mọ́ ọ, o kò jẹ́ kí ọ̀kan fò mí rí. Àmọ́ ohun tí ò ń sọ kò ju mẹ́ta lọ: “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àlàáfíà ni, mà. Ó dàbọ̀, mà.” Èmi tí ò ń pè ní Màámi láti ìgbà tí o ti ń hu eyín ni mo wá di mà. Tí o bá ti sọ mẹ́ta yẹn tán, gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ láti sọ á pòórá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra bébà. Bí àmì orí ọ̀rọ̀ bá ṣì mí lọ́wọ́, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìwé mẹ́fà ni mo kà.

Ọ̀rọ̀ Sátidé gan-an ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí o ṣì ń ti ọ̀dọ̀ mi lọ sí ibi iṣẹ́ ní Èkó, ìdajì ọjọ́ ni ẹ máa ń ṣe ní Sátidé. Aago méjì kò ní lù tán tí wàá fi wọlé. Wàá bọ́ bàtà, wàá fa àpótí sún mọ́ ìkòkò aró, wàá ní kí n gbọ́ ohun tí ojú rẹ rí lọ́sẹ̀ yẹn. Sátidé sì ni ọjọ́ tí mo máa ń rẹ aṣọ. O mọ iṣẹ́ wa, o mọ̀ pé èmi kò bá wọn lo aró inú agolo, ewé ẹlú àwọn ìyá wa náà ni mo ń lò, ẹlú kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí a bá ti ki aṣọ bọ inú rẹ̀, a ó yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a ó tún kì í bọ inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀meje. Ẹni tó bá fi ojú kúrò níbẹ̀, aró kò ní mú aṣọ rẹ̀ dọ́gba. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún ọ pé, “Ọwọ́ mi wà nínú aró, Rodiat. Tó bá dalẹ́.” Tó bá sì dalẹ́, oorun á ti gbé mi lọ. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo sọ ọ́. Mo rò pé ìwọ mọ iye rẹ̀.

Nígbà tó yá, o kò fa àpótí mọ́. Nígbà tó tún yá, aago márùn-ún lo ń wọlé ní Sátidé. Mo bi ọ́, o ní o yà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan ní Láfẹ́nwá, níbi tí ọkọ̀ ti ń já yín sílẹ̀. Mi ò wádìí. Kí n sọ òótọ́ tó wà níbẹ̀, ara tiẹ̀ tù mí, nítorí mo ń ráyè gbọ́ ti iṣẹ́ mi.

Bàṣírátù tí a jọ ń ta aṣọ ní Ìtòkú ló wá bá mi nílé lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún. Ó ní ọ̀rẹ́ tí ọmọ mi ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀, bàbá arúgbó kan ni, pé òun ti rí ẹ̀yin méjèèjì níwájú ilé bàbá náà lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. O mọ ẹnu Bàṣírátù, ọ̀rọ̀ kì í wọ ibẹ̀ kó má bímọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Mi ò dúró fọ ọwọ́. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ nínú aró, mo gun ọ̀kadà, ó di Láfẹ́nwá.

Ohun tí mo ṣe níbẹ̀, ó ṣojú rẹ, àmọ́ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. O gbé ojú sókè, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ. Mo gbá èjìká rẹ mú, mo fà ọ́ dìde, mo ní, “Ṣé àgbàlagbà tó tó bí bàbá rẹ lọ́mọ lo wá fẹ́?” Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Mo fi ẹsẹ̀ ta ọpọ́n ayò, ọmọ ayò fọ́n ká. Ìwọ kò pariwo. O kàn dá mi lóhùn jẹ́ẹ́ pé, “Màámi, ayò la ń ta.” O kúnlẹ̀, o bẹ bàbá náà, o sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ọmọ ayò nínú iyẹ̀pẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rodiat, mo ti rí ọpọ́n náà kí n tó ta á. Mo ti rí i pé ayò lẹ ń ta. Ìbínú ti gbé mi débẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé e padà sílé. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ajé, o ní o fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ Ọpẹ́olúwa tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, pé lílọ bíbọ̀ ti sú ọ. O kó ẹrù rẹ, o fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí o wọ̀ lọ́jọ́ náà sílẹ̀. Àmì ọwọ́ mi wà ní èjìká rẹ̀, ìka márààrún. Mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo ti fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, mo ti sá a sóòrùn títí ara rẹ̀ fi ń já. Gbogbo ọjà Ìtòkú ni mo ń yangàn fún pé aró Asiata kì í ṣá. Kò ṣá lóòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo tó kó ìtìjú tà, mo di ọsàn sínú àpò, mo lọ bẹ bàbá náà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ orúkọ rẹ̀, Bàbá Isaiah Àjàlá, àti pé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lọ́nà Ewékorò ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí ariwo sì ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀bẹ̀, ó ní kí ni mo wí. Mo tún un sọ, ó tún ní kí ni mo wí. Ìgbà tó ṣe, mo ní láti pariwo ẹ̀bẹ̀ náà, àwọn èèyàn sì ń yọjú lójú fèrèsé. Bí mo ṣe bú u ní gbangba náà ni mo ṣe bẹ̀ ẹ́ ní gbangba, kì í sì í ṣe pé mo gbèrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti dárí jì mí láti ọjọ́ yẹn, ó ní kí n jókòó, kí n bó ọsàn fún òun.

Ó ní o kò padà wá mọ́. Ó ní o pe òun lẹ́ẹ̀kan, o ní ojú ń tì ọ́. Èmi ló yẹ kí ojú tì, ọmọ mi. Bàbá náà kò tíì bá ẹlòmíràn ta ayò láti ìgbà yẹn, ó ní àwọn ọkùnrin tó wà ládùúgbò kì í sọ ìtàn.

Ibi tí ó ti dùn mí jù ni mo dé yìí. Bàbá Àjàlá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ rẹ, ó rò pé mo mọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹyẹlé kan yé ẹyin méjì sí ẹ̀bá fèrèsé ọ́fíìsì rẹ, tí ìwọ kò jẹ́ kí ẹni tó ń gbálẹ̀ gbá a dànù, tí o sì ń fi èérún búrẹ́dì sílẹ̀ fún un. Ó ní ìyá kan máa ń gba ààyè sílẹ̀ fún ọ nínú ọkọ̀ láràárọ̀, ẹ sì jọ ń jẹ ẹ̀pà sísè, ìwọ kò sì tíì mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ó ní o ra bàtà pupa kan, o sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí pé ìyá rẹ á béèrè ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Ó ní ọmọkùnrin kan ń jẹ́ Akínrẹ̀mí tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kan náà pẹ̀lú yín, ó ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ọ, o kò sì tíì dá a lóhùn. Ó ní wọ́n ti gbé ọ ga lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù kejì, pé o ra súyà wálé lọ́jọ́ náà láti fi bá ìyá rẹ yọ̀. Mo rántí súyà yẹn. Mo jẹ ẹ́. Mo ní ata rẹ̀ pọ̀ jù. Mi ò bi ọ́ pé kí la fi ń ṣe.

Mo ń bó ọsàn lọ. Bàbá náà wá ní, “Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé ìyá rẹ̀ ti kú ni, tó fi jẹ́ èmi ló ń kó gbogbo èyí wá bá. Ó ní ẹ wà láyé, ọwọ́ yín ló wà nínú aró.” Kò sọ ọ́ láti fi gún mi lára o. Ó ń bi mí ni, bóyá aṣọ pọ̀ lọ́wọ́ mi nígbà yẹn.

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí mo pariwo títí kó tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, òun ló gbọ́ ọ. Etí tèmi méjèèjì dá ṣáká. Mo rò pé iṣẹ́ ni mo ń ṣe fún ọ láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, pé tí o bá ti jẹun, tí o wọṣọ, tí o kàwé, mo ti ṣe tèmi. Mo ṣe é lóòótọ́, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mi ò ṣe é. Àmọ́ inú rẹ ń dùn nínú ilé mi, mi ò mọ ohun tó ń dùn mọ́ ọ. Ìyẹn ni mo ń sọkún lé lórí, bí mo ti le tó yìí.

Mi ò ní kí o padà wálé bí ọkàn rẹ kò bá sí níbẹ̀. Mi ò ní kí o má pè mí ní mà. Ohun tí mo ń tọrọ kò tó bẹ́ẹ̀: ṣé ẹyin ẹyẹlé yẹn ti pa? Méjèèjì ló pa ni àbí ọ̀kan? Ṣé ìyá ẹlẹ́pà ṣì ń rí ọ ní báyìí tí o kò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́? Wọ bàtà rẹ, jọ̀ọ́, wọ̀ ọ́ lọ sí ibi tí èèyàn pọ̀ sí. Ní ti Akínrẹ̀mí, mi ò béèrè ilé bàbá rẹ̀, mi ò béèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Ó ń yún mi lẹ́nu gan-an, àmọ́ mi ò béèrè. Ìgbà tó bá wù ọ́ ni kí o sọ ọ́, tàbí kí o má sọ ọ́. Sì pe Bàbá Àjàlá, má jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ mi ba ọ̀rẹ́ yín jẹ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ojú rẹ kò ní rí ibi ní Èkó. Àwọn tó bá jókòó tì ọ́ á fi etí sílẹ̀ fún ọ, ọmọ tìrẹ náà á rí ọ bá sọ̀rọ̀. Ayọ̀ rẹ, bó ti wù kó kéré mọ, kò ní ṣàìrí ẹni bá ọ yọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Asiata.

Àfikún: Mo ti ń ká lẹ́tà yìí láti fi rán Usamah awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Èkó lọ́la, nígbà tí o pè. O kí mi kú iṣẹ́, o ní àlàáfíà ni. Kí o tó sọ ẹ̀kẹta, mo yára sọ fún ọ pé ewúrẹ́ kan lá aṣọ mi ní Sátidé tó kọjá. Mo ti fi ìyẹ́ adìẹ ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ náà pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, èyí tí kì í jẹ́ kí aró mú ibi tó bá wà, mo sá a kó gbẹ kí n tó rẹ ẹ́, mo yíjú, ewúrẹ́ ti lá ìdajì iṣẹ́ ọnà mi. Mo fi ìbínú rẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ibi tí ahọ́n rẹ̀ dé sì dúdú kirimú. Oníbàárà kan dé láti Èkó lánàá, nínú gbogbo aṣọ tí mo pàtẹ, èyí gan-an ló mú, ó bi mí ní orúkọ iṣẹ́ ọnà yẹn. Mo ní Ahọ́n Ewúrẹ́ ni. Ó ní ó dára púpọ̀, kí n ṣe méjì sí i fún òun. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ láìmí. Mo rò pé o ti pa fóònù. O wá ní, “Ewúrẹ́ ta ni?” Láti oṣù márùn-ún, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí o bi mí nìyẹn, bí mo sì ṣe ní kí n la ẹnu, fóònù mi kú, kò sì sí iná ní gbogbo Igbein. Mo tú lẹ́tà náà ká láti kọ ọ́ síbí kó tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ti Theophilus télọ̀ ni, ọmọ mi. Èyí tí ìwo rẹ̀ kan ti ṣẹ́.